Owó ni kẹ̀kẹ́ ìwádìí: Ibi tí àwọn oníṣẹ́ àwòrán inú ara l'Óṣòdì àti Ìsọlọ̀ ti lè rí owó ìrànwọ́

Àwọn àgbà máa ń sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ tó bá di ti ìwádìí ìmọ̀ ìṣègùn, nítorí bí èrò kan ti wù kó dára tó lọ́kàn ẹni tó gbé e kalẹ̀, bí kò bá rí owó tí yóò gbé e rìn, ibi tó wà náà ni yóò jókòó sí.

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Òṣòdì lọ sí Ìsọlọ̀, tó sì ń wo ẹ̀gbẹ́ títì, yóò rí pátákó àwọn ilé àyẹ̀wò tí wọ́n kọ X-ray àti síkáànù sí lára. Ojoojúmọ́ ni àwọn aláboyún ń lọ síbẹ̀ láti mọ bí ọmọ inú wọn ti ń ṣe sí. Àwọn tí ikọ́ ń bá fínra ń lọ ya àwòrán àyà, àwọn tí mọ́tò kọlù sì ń lọ wò ó bóyá egungun wọn ti ṣẹ́. Dókítà yóò wo àwòrán náà, yóò kọ èsì, aláìsàn yóò gba èsì rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ parí. Àwòrán ọ̀hún yóò wà nínú kọ̀ǹpútà ilé àyẹ̀wò, tàbí nínú àpò ìwé pẹlẹbẹ tí aláìsàn tọ́jú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìmọ̀ púpọ̀ ló wà nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè.

Ta ni yóò béèrè, ta ni yóò sì san owó ìbéèrè náà? Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn lọ́sẹ̀ yìí, kí àwọn dókítà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé lágbègbè yìí lè mọ ibi tí wọ́n yóò kọjú sí.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ la ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ ojoojúmọ́ àti ìwádìí. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ń béèrè pé, kí ló ń ṣe ẹni kan ṣoṣo tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yìí? Ìwádìí ń béèrè ohun tó kan ọ̀pọ̀ èèyàn. Ká ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta èèyàn ló wá ya àwòrán àyà nítorí ikọ́, mélòó nínú wọn ni àyẹ̀wò kẹ̀lẹ́bẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn náà pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni? Ǹjẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè fi síkáànù kékeré tó ṣeé mú dání mọ ọmọ tó fìdí sọ̀kalẹ̀ nínú ìyá rẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ̀rọ MRI tí agbára rẹ̀ kéré, tí kò sì náni lówó púpọ̀, tó láti fi rí ohun tó ń ṣe ọpọlọ? Èsì irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ìjọba, ilé ìwòsàn àtàwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ máa ń lò láti yí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣiṣẹ́ padà.

Ìdí tó fi ń gba owó kò fara sin. Ẹni tó wá ya àwòrán nítorí ìwádìí, tí kì í ṣe nítorí àìsàn tirẹ̀, kò yẹ kó san kọ́bọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n fún un lówó ọkọ̀. Dókítà méjì ló sábà máa ń wo àwòrán kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí èrò ọ̀kan má baà darí èkejì, àkókò wọn sì lówó lórí. Ibi tí wọn yóò tọ́jú àwòrán sí nínú kọ̀ǹpútà lówó lórí, ẹni tí yóò máa tò wọ́n lówó lórí, bẹ́ẹ̀ náà ni epo dísù tí jẹnẹrétọ̀ yóò mu nígbà tí iná bá lọ.

Kò sí ilẹ̀ tí èyí kò ti rí bẹ́ẹ̀. Allan Cormack, tí wọ́n bí ní Johannesburg lọ́dún 1924, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣírò bí a ṣe lè fi X-ray wo inú ara ní ìpele-ìpele. Ilé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town, níbi tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dún 1956, ni èrò náà ti sọ sí i lọ́kàn. Ó tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dún 1963 àti 1964, ṣùgbọ́n ẹni tó kà á sí kò tó nǹkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Godfrey Hounsfield ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílé iṣẹ́ EMI. Ilé iṣẹ́ náà náwó sí i, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìlera náà dá sí i, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 1971, wọ́n fi ẹ̀rọ CT ya orí aláìsàn àkọ́kọ́ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn méjèèjì ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1979. Ọgbọ́n ti wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ibi tí owó wà ni ẹ̀rọ ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé wa. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ tí Godwin Ogbole, onímọ̀ àwòrán inú ara nílé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, jẹ́ aṣáájú fún, tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí iye ẹ̀rọ MRI tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin péré ni wọ́n kà, fún èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 370. Nàìjíríà ló ní 58 nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá pín iye yìí fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, kò sí ẹ̀rọ kan pàtó fún mílíọ̀nù èèyàn mẹ́ta. Ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó wà nílẹ̀ yìí. Ìwádìí yìí kò ra ẹ̀rọ kankan, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí lónìí tí wọ́n bá fẹ́ tọrọ owó, nítorí ẹni tí kò bá lè sọ bí àìní rẹ̀ ti tó kò lè béèrè ìrànwọ́ kó rí i gbà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó jẹ́ ti àsìkò yìí. Kọ̀ǹpútà ti ń kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán inú ara, àwòrán tí wọ́n bá sì fi kọ́ ọ ni yóò mọ̀. Láti ọdún 2012 ni àwọn onímọ̀ lágbàáyé ti ń ṣe ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní BraTS, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń wá ààlà kókó tó wà nínú ọpọlọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àwòrán tó mọ́lẹ̀ kedere, tí ẹ̀rọ ńláńlá ìlú òyìnbó yà, ni wọ́n ń lò jù lọ. Ìgbà tó di ọdún 2023 ni wọ́n fi ti Áfíríkà kún un, tí wọ́n pè é ní BraTS-Africa. Àwọn ilé àyẹ̀wò ní Nàìjíríà ni àwọn àwòrán náà ti wá. Udunna Anazodo, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Kánádà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà níbí ni wọ́n kó o jọ, àjọ Lacuna Fund sì wà lára àwọn tó fowó tì wọ́n. Àwòrán aláìsàn 146 ni wọ́n ti gbé síta fún gbogbo ayé láti lò. Iye náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tuntun tí wọ́n bá fẹ́ gbé wọ ilé ìwòsàn wa ti ní ohun tí wọ́n lè fi dán an wò kó tó kan aláìsàn. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, aláìsàn tó dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn Múṣin ni yóò jẹ ìyà àṣìṣe kọ̀ǹpútà tí kò rí irú àwòrán rẹ̀ rí.

Ẹ̀rí mìíràn pé owó ìwádìí máa ń so èso ni iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní SIREN, lórí àrùn rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, àjọ NIH tó ń rí sí ìwádìí ìlera fún ìjọba Amẹ́ríkà ló sì gbé owó kalẹ̀. Wọ́n mú ẹni 2,118 tí àrùn náà kọlù, wọ́n sì fi iye kan náà tí àrùn ò kọlù wé wọn. CT tàbí MRI ni wọ́n fi rí i dájú pé rọpárọsẹ̀ ló ṣe aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2018, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú nínú ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé àwọn tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ déédéé wà nínú ewu ju àwọn tó ń jẹ ẹ́ lọ. Ìmọ̀ràn tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ pàápàá lè lò nìyẹn, owó ìwádìí ló sì bí i.

Ibo wá ni owó náà wà? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2011 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ló tóbi jù. Láti ara owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ni owó rẹ̀ ti ń wá. Ọ̀nà méjì ló gbà ń fún èèyàn lówó ìwádìí. Èkíní ni èyí tó ń gba inú ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kọjá, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó sì dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni owó ìwádìí orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ń pè ní NRF, tí àwọn olùwádìí láti gbogbo Nàìjíríà jọ ń du. Àlàyé ṣókí lórí èrò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè níbẹ̀, àwọn tó bá yege ni wọn yóò sì ní kí wọ́n kọ ìwé ẹ̀kúnrẹ́rẹ́.

Ìdènà kan wà níbẹ̀ o. Àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì, ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tó jẹ́ ti ìjọba ni TETFund wà fún. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba tó wà n'Ísọlọ̀, tàbí nílé àyẹ̀wò aládàáni l'Óṣòdì, kò lè dá kọ̀wé síbẹ̀. Àmọ́, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olùkọ́ yunifásítì ní orúkọ tí TETFund yóò gbà, ṣùgbọ́n aláìsàn àti àwòrán wà lọ́wọ́ ilé àyẹ̀wò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Yunifásítì Èkó wà ní Ìdí-Àràbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ LUTH, ti LASU sì wà n'Íkẹjà. Kò sí èyí tó jìnnà sí Òṣòdì nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ní ìbéèrè gidi, kó lọ bá olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kí wọ́n jọ kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan ṣoṣo. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìwádìí àti ìmọ̀ tuntun, ìyẹn LASRIC, tó ń ran àwọn olùwádìí àtàwọn tó ń gbé ohun tuntun jáde lọ́wọ́.

Tó bá di ti òkèèrè, NIH ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti fún wa lówó jù látẹ̀yìnwá. Nǹkan ti yí padà níbẹ̀ ṣá. Ètò H3Africa tó gbé SIREN dìde ti parí lọ́dún 2022. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, NIH kéde pé àwọn kò ní fọwọ́ sí owó tuntun tí ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà fẹ́ gbà kó sì pín lára rẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ òkèèrè, àfi tí ìlànà tuntun bá wà nílẹ̀. Ọ̀nà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ àwọn olùwádìí wa ń gbà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gba NIH gbọ́dọ̀ ka òfin tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ kọ̀wé, kó má ṣe gbára lé ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ṣe lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà kí ó tó di ọjọ́ ìparí, ìforúkọsílẹ̀ náà sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun kan wà lọ́dọ̀ NIH tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í lò. Wọ́n ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní RePORTER, níbi tí èèyàn ti lè rí gbogbo ìwádìí tí wọ́n ti fowó sí, orúkọ ẹni tó gbà á, iye owó rẹ̀ àti àlàyé ṣókí nípa rẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ Nàìjíríà àti àwòrán inú ara síbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, yóò mọ irú ìbéèrè tí wọ́n ń fowó sí, yóò sì mọ ẹni tó yẹ kó kọ lẹ́tà sí láti bá a ṣiṣẹ́ pọ̀.

Àjọ Wellcome ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń fún àwọn olùwádìí tó wà nílẹ̀ tí kò lówó púpọ̀ lówó, títí kan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, bí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwádìí wọn bá gbà láti dúró fún wọn. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ní ètò Horizon Europe tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2021, tí yóò parí lọ́dún 2027. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà lè wà lára ẹgbẹ́ tó ń gba owó níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àwòrán inú ara ní Amẹ́ríkà, RSNA, dá àjọ tó ń fowó sí ìwádìí àti ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1984, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ mìíràn sì ní ìpín nínú rẹ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára átọ́míìkì ní ìlú Vienna. Ọdún 1964 ni Nàìjíríà ti di ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó máa ń kó ilé ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ láti ṣiṣẹ́ lórí ìbéèrè kan ṣoṣo, á sì fún wọn lówó díẹ̀ lọ́dọọdún. Lọ́dún 2022 ló bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní Rays of Hope, láti fi ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́ ran àwọn ilẹ̀ tí àyẹ̀wò àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́. Àwọn obìnrin tó fẹ́ kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ yìí sì lè du ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi orúkọ Marie Skłodowska-Curie pè, tó ti wà láti ọdún 2020.

Owó nìkan kọ́ ni iṣẹ́. Ohun tó sábà máa ń gbé ìwé èèyàn ṣubú kì í ṣe àìgbọ́n. Ẹlòmíràn yóò kọ ìwé sí àjọ tí kì í ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fowó sí. Ẹlòmíràn yóò kọ ojú ewé ogún níbi tí wọ́n ti ní kó kọ mẹ́wàá, wọn kò sì ní kà á. Ẹlòmíràn yóò béèrè owó láti ra ẹ̀rọ CT, nígbà tó jẹ́ pé ìwádìí ni àjọ náà ń fowó sí, kì í ṣe ẹ̀rọ rírà. Ètò ìṣúná tó dára máa ń sọ ohun tí náírà kọ̀ọ̀kan yóò ṣe, kò sì ní fi epo dísù pamọ́ bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ń já bọ́ láti ọ̀run.

Ìwé àṣẹ tún wà. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ aláìsàn nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. LUTH ní irú ìgbìmọ̀ yìí, iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn NIMR ní Yaba náà sì ní tirẹ̀. Òfin ìlera ti ọdún 2014 àti òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 de ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lo àwòrán aláìsàn. Ó yẹ káwọn ilé àyẹ̀wò mọ̀ pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí aláìsàn sábà máa ń wà nínú fáìlì àwòrán fúnra rẹ̀, tí ojú kò ní tètè rí i. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí ìwádìí bá ní í ṣe pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń gún sí iṣan kí àwòrán lè hàn, NAFDAC gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i. Àwọn ará Ìsọlọ̀ kò sì ní láti rin ìrìn àjò, nítorí ọ́fíìsì NAFDAC kan wà ní agbègbè àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà n'Ísọlọ̀, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá. Ẹ̀rọ tó ń lo ìtànṣán ní láti ní ìwé àṣẹ àjọ NNRA pẹ̀lú.

A gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa nípa àwọn oníjìbìtì. Wọ́n mọ̀ pé ebi owó ìwádìí ń pa àwọn èèyàn, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé wọ́n ti yan ẹnì kan fún owó dọ́là tí kò béèrè, kó sáà san owó ìforúkọsílẹ̀ tàbí owó ìfiránṣẹ́. Irọ́ ni. Kò sí èyí tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó kọ̀wé nínú TETFund, Wellcome, NIH tàbí IAEA kó tó fún un ní owó ìwádìí. Ẹni tó bá rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kó lọ sí ojú òpó àjọ náà gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó wò ó bóyá ètò náà wà níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó pa lẹ́tà náà rẹ́.

Ẹni tí kò bá tíì rí owó kankan náà ní ohun tó lè ṣe. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ilé àyẹ̀wò tó bá tọ́jú àwòrán ọdún méjì tó ti yà dáadáa, tó sì gba àṣẹ ìgbìmọ̀, lè ka iye èyí tó ní àbùkù nítorí pé wọn kò dúró dáadáa tàbí nítorí pé iná lọ. Kò ná wọn ju àkókò lọ. Èsì rẹ̀ yóò tún iṣẹ́ wọn ṣe, yóò sì di ẹ̀rí tí wọ́n lè fi sínú ìwé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ béèrè owó. Àwọn tó ń fúnni lówó fẹ́ràn láti rí i pé ẹni tó ń béèrè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó na ọwọ́.

Àwọn àwòrán tí wọn yóò yà lọ́la ní Ìsọlọ̀ yóò ṣì wọ inú àpò ìwé pẹlẹbẹ náà. Bóyá ibẹ̀ ni wọn yóò parí sí, tàbí wọn yóò di ìmọ̀ tí yóò gba ẹlòmíràn là, ọwọ́ àwọn tó ń yà á, àwọn tó ń kà á àti àwọn tó bá lè kọ ìwé ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá ló wà.